Ètò Ni Ààbò Nílé Iṣẹ́ Ìròyìn

Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sí ewu nínú iṣẹ́ ìròyìn àyàfi ti ẹni tí wọ́n bá rán lọ sójú ogun. Ẹni tó ń gbọ́ rédíò láàárọ̀ rò pé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ jókòó sínú yàrá tútù, ó fẹnu sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ń dárà. Ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn rò pé ìka ọwọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó wà nínú iṣẹ́ náà ní èrò tiwọn, èyí tí kò sàn ju ti ará ìta lọ: wọ́n mọ̀ pé ewu wà, àmọ́ wọ́n gbà pé iṣẹ́ akíkanjú ni, kí ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Èrò méjèèjì yìí ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ààbò di ohun tí a ń rántí lẹ́yìn tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán. Ohun tí mo fẹ́ là yé wa ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú ewu iléeṣẹ́ ìròyìn ti wà nílẹ̀ kí òṣìṣẹ́ tó dé ibẹ̀. Ó wà nínú ìwé tí wọ́n fi pín iṣẹ́, nínú ibi tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí, nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi rán akọ̀ròyìn jáde, àti nínú owó oṣù tí wọ́n san tàbí tí wọn kò san. Ibẹ̀ náà ló yẹ kí ààbò ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, àti ohun tí à ń pè ní ààbò

Bí a bá dárúkọ iléeṣẹ́ rédíò, tẹlifíṣàn tàbí ìwé ìròyìn, akọ̀ròyìn àti atọ́kùn ètò ló ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Àwọn tí a kì í rántí pọ̀ jù wọ́n lọ: onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ transmítà mọ́jú, ayàwòrán tó gbé kámẹ́rà léjìká, ẹni tó ń to fídíò pọ̀ lóru, awakọ̀, ọlọ́dẹ ẹnu géètì, àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn kí ó lè dé ọwọ́ fẹ́ńdọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí gbogbo ọ̀gá ń rán níṣẹ́. Ewu tó dojú kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yàtọ̀ síra, nítorí náà ìlànà kan ṣoṣo tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri kò lè bo gbogbo wọn. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi gba àlàyé tó ju “ẹ máa ṣọ́ra” lọ.

Ó yẹ ká ya ohun méjì sọ́tọ̀. Èkíní ni ohun eléwu fúnra rẹ̀, ìyẹn ohunkóhun tó lágbára láti ṣeni léṣe: wáyà tó bó, òpó gogoro tí wọ́n so ẹ̀rọ ìgbéròyìnsáfẹ́fẹ́ mọ́, ìwọ́de tó ti ń gbóná, tàbí fídíò ibi tí wọ́n ti pa ènìyàn. Èkejì ni bí ó ṣe ṣeé ṣe tó pé ohun náà yóò bá ẹnì kan, àti bí ọṣẹ́ tó máa ṣe yóò ti pọ̀ tó. Òpó gogoro kò yí padà láti àárọ̀ dé alẹ́, ṣùgbọ́n ewu ẹni tó ń gùn ún láìso okùn mọ́ra nígbà tí òjò ń ṣú kì í ṣe ẹgbẹ́ ewu ẹni tó ń kọjá lọ nísàlẹ̀. A lè má rí ohun eléwu mú kúrò, kí a sì dín ìṣeéṣe rẹ̀ kù gan-an. Ní ti àlàáfíà òṣìṣẹ́, ó gbòòrò ju kí ènìyàn má fara pa lọ. Ìsinmi wà nínú rẹ̀, oorun wà nínú rẹ̀, ìlera ọpọlọ, owó oṣù tó ń wọlé lásìkò, àti iyì ẹni tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ipò ọ̀gá tẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn méjèèjì so mọ́ra, torí ẹni tí kò sùn ni yóò gbàgbé láti paná kí ó tó fọwọ́ kan wáyà.

Ibi tí òfin dé, àti ibi tó mọ sí

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ ní abala 17 pé kí ìjọba darí ètò rẹ̀ síbi tí ìlera, ààbò àti ìgbé ayé gbogbo ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò fi ní wà nínú ewu. Orí kejì ìwé òfin náà ni abala yìí wà, kò sì sí ẹni tó lè dúró lórí orí náà nìkan láti pe ìjọba lẹ́jọ́. Nàìjíríà tún ti fọwọ́ sí àdéhùn 155 ti àjọ ILO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé, lórí ààbò àti ìlera lẹ́nu iṣẹ́ láti ọdún 1994. Ní ọdún 2022, ILO ka ibi iṣẹ́ tó láàbò mọ́ ara àwọn ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ gbogbo òṣìṣẹ́. Ní ọdún yẹn kan náà ni Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn 190, tó lòdì sí ìwà ipá àti ìfòòró níbi iṣẹ́. Nínú àwọn òfin abẹ́lé, èyí tó ń bójú tó ilé ẹ̀rọ ka ibi ìtẹ̀wé mọ́ ohun tó kàn án, nítorí náà aṣojú ìjọba lè wọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ìròyìn, kí ó wò bóyá wọ́n fi nǹkan bo irin tó ń yí, àti bóyá ọ̀nà àbáyọ wà bí iná bá sọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀rọ ti ń ṣe ọjà ni wọ́n kọ òfin náà fún. Yàrá tí àwọn akọ̀ròyìn ti ń tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà kò sí lọ́kàn àwọn tó kọ ọ́. Òfin iṣẹ́ fúnra rẹ̀ là á sílẹ̀ pé kí òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọjọ́ kan ó kéré tán nínú ọjọ́ méje, àmọ́ ó yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìṣàkóso, iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kúrò nínú àwọn tó pè ní òṣìṣẹ́, kò sì dá iye wákàtí kan pàtó. Àdéhùn láàárín agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ló fi ìyẹn sílẹ̀ fún.

Èyí tó yẹ kí gbogbo òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìròyìn mọ̀ dáadáa ni òfin owó gbà-má-bínú ti ọdún 2010, tí àjọ NSITF ń mú ṣẹ. Agbanisíṣẹ́ ló ń dá owó sí àpò náà, ìdá 1 nínú 100 gbogbo owó oṣù tó ń san. Bí òṣìṣẹ́ bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, yálà nínú ọgbà iléeṣẹ́ tàbí níbi tí wọ́n rán an lọ, àpò yìí ló yẹ kí ó tọ́jú rẹ̀. Òfin náà ka jàǹbá ojú ọ̀nà láàárín ilé àti ibi iṣẹ́ mọ́ ọn pẹ̀lú. Ó tún gbà pé ọkàn lè fara pa: òṣìṣẹ́ tí ohun burúkú òjijì lẹ́nu iṣẹ́ dà lọ́kàn rú, tí dókítà sì jẹ́rìí sí i, ní ẹ̀tọ́ sí owó náà bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí, agbanisíṣẹ́ sì ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà létí. Ihò ńlá kan ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ohùn tí à ń gbọ́ lórí rédíò jẹ́ ti àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ aládàáni tó ń ra àkókò lórí afẹ́fẹ́, tí wọ́n sì ń wá onígbọ̀wọ́ fúnra wọn. Wọ́n ń lo stúdíò kan náà, ẹ̀rọ kan náà àti ẹnu ọ̀nà kan náà pẹ̀lú òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ wọn kò sí nínú ìwé owó oṣù. Bẹ́ẹ̀ náà ni akọ̀ròyìn tí wọ́n ń sanwó fún lórí ìròyìn kọ̀ọ̀kan. Bí òfin kò bá tíì bò wọ́n, ètò iléeṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ bò wọ́n.

Ewu inú ọgbà

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí iná, torí kò sí iléeṣẹ́ ìròyìn tó lè ṣiṣẹ́ láìsí i, àti pé iná ìjọba kò ṣeé gbọ́kàn lé. Jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé ọ̀pọ̀ rédíò dúró. Nínú èéfín rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide wà. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bí ènìyàn bá fà á símú, ó ń so mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó ju 200 lọ ju bí oxygen ṣe ń so mọ́ ọn, débi pé ẹ̀jẹ̀ ń lọ káàkiri ara láìgbé ohun tí ara fi ń mí dání. Orí fífọ́, òòyì àti oorun ló máa ń kọ́kọ́ mú wá, òṣìṣẹ́ òru yóò sì rò pé àárẹ̀ lásán ni. Ẹni tó ṣètò pé kí jẹnẹrétọ̀ wà lábẹ́ fèrèsé stúdíò nítorí kí wáyà má baà gùn ti pinnu ewu yìí ní ọjọ́ tó gbé e síbẹ̀, ìṣọ́ra atọ́kùn ètò kò sì lè yí i padà.

Bákan náà ni ti transmítà àti òpó. Àwọn ẹ̀yà kan wà nínú transmítà tó ń tọ́jú iná pa mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti paná, tí wọ́n sì lè pa ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n kí ó tó tú iná náà sílẹ̀. Ìgbì tí rédíò FM àti àwọn tẹlifíṣàn kan ń lò sì wà láàárín ibi tí ara ènìyàn ti ń fa agbára ìgbì mu jù lọ, ìdí nìyí tí àwọn ìlànà àgbáyé fi le jù ní agbègbè ìgbì yẹn. Bí ẹnì kan bá gun òpó dé ẹ̀gbẹ́ áńténà tó ń ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ lè gbóná láti inú wá láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ kò ṣòro láti sọ: kí wọ́n pa á tàbí kí wọ́n dín agbára rẹ̀ kù, kí wọ́n fi àgádágodo ti ibi tí wọ́n ti ń tan iná, kí kọ́kọ́rọ́ náà sì wà lápò ẹni tó wà lókè títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó ṣòro ni kí ọ̀gá iléeṣẹ́ gbà pé rédíò òun yóò dákẹ́ fún wákàtí kan tí ìpolówó ń lọ. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tó ka ààbò sí ètò.

Ariwo náà wà níbẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ ju gbogbo ìyókù lọ. Àjọ NIOSH ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó ń ṣèwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́, dá a lábàá pé kí etí má gba ariwo désíbẹ́ẹ̀lì 85 kọjá wákàtí 8 lóòjọ́. Désíbẹ́ẹ̀lì 3 péré tí a bá fi kún un yóò gé àkókò náà sí méjì: 88 di wákàtí 4, 91 di wákàtí 2, 94 di wákàtí 1. Atọ́kùn ètò tó ń gbé ohùn hẹ́dífóònù rẹ̀ sókè nítorí pé ariwo jẹnẹrétọ̀ ń wọlé ń ná àkókò yìí láìmọ̀. Etí tó bá bàjẹ́ báyìí kì í padà bọ̀ sípò. Ògiri tó ń dí ariwo mọ́ ìta ni yóò gba atọ́kùn ètò náà sílẹ̀, torí nígbà náà kò ní sí ìdí láti gbé ohùn sókè.

Ewu ìta

Ikú tó ń wọ orí ìwé ìròyìn ni ikú olóró. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1986, àdó olóró tí wọ́n dì bíi lẹ́tà pa Dele Giwa, olóòtú àgbà ìwé ìròyìn Newswatch, nílé rẹ̀ ní Ìkẹjà. Ní ọdún 1990, Krees Imodibie ti The Guardian àti Tayo Awotusin ti Champion lọ kó ìròyìn ogun Liberia, wọn kò padà wá. Ní oṣù keje ọdún 2019, ìbọn bá Precious Owolabi, agùnbánirọ̀ tó ń sìn ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn Channels, nígbà tó ń kó ìròyìn ìwọ́de ní Àbújá, ó sì kú. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2020, lásìkò ìwọ́de EndSARS, àwọn jàǹdùkú dáná sun iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn TVC àti ti ìwé ìròyìn The Nation ní Èkó.

Ẹ wá wo ọjọ́ méjì nínú oṣù kan. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 2012, àdó olóró bú ní ọ́fíìsì ìwé ìròyìn ThisDay ní Àbújá, òmíràn sì bú ní ilé tí iléeṣẹ́ náà àti àwọn ìwé ìròyìn mìíràn wà ní Kàdúná. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn èyí, ìyẹn ọjọ́ 28, ọkọ̀ típà kọlu ọkọ̀ àwọn akọ̀ròyìn tó ń tẹ̀lé gómìnà ìpínlẹ̀ Ẹdó, akọ̀ròyìn mẹ́ta sì bá a lọ. Àdó olóró ni ayé ń rántí. Síbẹ̀, irú ti ọkọ̀ tó ń tẹ̀lé gómìnà ni èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́: akọ̀ròyìn ń sáré tẹ̀lé olóṣèlú lórí títì tí kò dára, nínú bọ́ọ̀sì tí kì í ṣe ti iléeṣẹ́ rẹ̀, tí awakọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àwọn tó ṣíwájú já òun sílẹ̀. Kí ló dé tó fi wọ ọkọ̀ náà? Nítorí pé iléeṣẹ́ rẹ̀ kò fún un lówó ọkọ̀ ni. Níbi tí owó oṣù bá ti ń pẹ́ kí ó tó dé, akọ̀ròyìn kò lè kọ ọkọ̀ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, kò lè kọ iṣẹ́ tó mọ̀ pé ó léwu, kò sì lè kọ owó tí wọ́n dì sínú àpò ìwé fún un. Owó oṣù tí wọn kò san jẹ́ ọ̀rọ̀ ààbò gẹ́gẹ́ bó ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ ebi.

Wákàtí iṣẹ́ àti ohun tí ojú ń rí

Ní oṣù keje ọdún 2013, akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Miwa Sado kú ní Tokyo. Ọmọ ọdún 31 ni. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn NHK ilẹ̀ Japan ló ń bá ṣiṣẹ́, ìròyìn ìdìbò ló sì ń kó. Nínú oṣù tó ṣíwájú ikú rẹ̀, wákàtí tó fi ṣe àfikún iṣẹ́ lé ní 150, ọjọ́ méjì péré ló fi sinmi. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kéde pé iṣẹ́ àṣejù ló pa á; iléeṣẹ́ náà kò sọ ọ́ síta títí di ọdún 2017. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí ìwọ́de, kò sí iná. Ìwé ìpín iṣẹ́ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ILO jọ gbé ìwádìí jáde ní ọdún 2021: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ fi ìdá 35 nínú 100 sún mọ́ àrùn rọpárọsẹ̀ ju ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ, ó sì fi ìdá 17 sún mọ́ ikú àìsàn ọkàn jù ú lọ. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé iṣẹ́ àṣejù báyìí pa ènìyàn tó tó 745,000 lágbàáyé ní ọdún 2016. Àwọn àgbà wa ti sọ pé ara kì í ṣe igi. Èyí ni òǹkà rẹ̀.

Ọpọlọ náà ń fara gbọgbẹ́, nígbà mìíràn lórí àga. Ṣáájú kí tẹlifíṣàn tó fi àwòrán ìjàǹbá hàn wá, tó fi nǹkan bo òkú àti ẹ̀jẹ̀, ẹnì kan ti wo gbogbo rẹ̀ láìbò. Ẹni tó ń to fídíò pọ̀ àti ẹni tó ń yẹ ohun tí ará ìlú fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp wò ni ẹni náà. Anthony Feinstein, oníṣègùn ọpọlọ tó ti pẹ́ nídìí ìwádìí lórí àwọn akọ̀ròyìn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2014 lórí irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé wíwò ó léraléra ń ba ọkàn jẹ́ ju wíwò ó pẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò ṣòro láti lò. Bí ó bá jẹ́ pé ìlemọ́lemọ́ ló ń ṣe ọṣẹ́, kò yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo di ẹni tí wọ́n ń gbé gbogbo fídíò burúkú fún nítorí pé “ó ti mọ́ ọn lára”. Kí wọ́n máa pín in, kí wọ́n kọ ohun tó wà nínú fídíò sí orí rẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà ṣí i láìmọ̀, kí wọ́n pa ohùn rẹ̀ nígbà tí wọn kò bá nílò ohùn, kí ẹni tó wò ó lálẹ́ sì má jẹ́ ẹni tí yóò tún jí wò ó láàárọ̀.

Bí a ṣe ń to ètò ààbò

Àwọn tó mọ̀ nípa ààbò iṣẹ́ ní ìlànà kan tí wọ́n ń tẹ̀lé láti òkè wá sílẹ̀. Àkọ́kọ́, ǹjẹ́ a lè mú ohun eléwu náà kúrò pátápátá? Ìkejì, bí kò bá ṣeé mú kúrò, ǹjẹ́ a lè fi ohun tó sàn jù ú lọ rọ́pò rẹ̀? Ìkẹta, ǹjẹ́ a lè gbé ohun kan dí àárín òun àti òṣìṣẹ́, bí ògiri, géètì tàbí ìbòrí irin? Ìkẹrin, ǹjẹ́ a lè yí bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà padà, nínú àkókò, iye ènìyàn àti ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́? Ìkarùn-ún, tó kẹ́yìn, ni ohun tí òṣìṣẹ́ ń wọ̀ sára, bí akoto, ìbọ̀wọ́ tàbí ẹ̀wù tí ọta kì í wọ̀. Bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń dín kù, torí bí a ti ń sún mọ́ ìsàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń di ọrùn òṣìṣẹ́ nìkan. Bí òrùlé bá ń jò, a kì í ra agboòrùn fún ọmọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n máa ṣí i lórí ẹní. Òrùlé la ń tún ṣe. Iléeṣẹ́ tó ra akoto fún akọ̀ròyìn, tí kò béèrè bóyá ó pọn dandan kó dúró sáàárín ọlọ́pàá àti àwọn tó ń wọ́de, agboòrùn ló rà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìlànà yìí wo iṣẹ́ ọjọ́ kan, ká sọ pé ìwọ́de ni. Ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó jáde, olóòtú yóò béèrè ohun tí ìròyìn náà nílò gan-an: ṣé àwòrán ojú ìjà ni, àbí ohùn àwọn tó wọ́de àti ti ìjọba, tí a lè gbà láti ibòmíràn? Bí ó bá yẹ kí wọ́n lọ, ènìyàn méjì ni yóò lọ. Ọkọ̀ yóò dúró síbi tó kọjú sí ọ̀nà àbáyọ. Akọ̀ròyìn yóò mọ ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ibẹ̀, àti ẹni tí yóò máa pè ní àsìkò tí wọ́n jọ fẹnu kò sí. Bí ìpè kan bá yẹ̀, ẹni tó wà ní ọ́fíìsì ti mọ ohun tí yóò ṣe. Tó bá débẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tó wà lójú iṣẹ́ ni yóò borí: tó bá ní àwọn ń kúrò, wọ́n ti kúrò nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò bi í pé iléeṣẹ́ kejì ṣe rí àwòrán. Nígbà tí wọ́n bá dé, wọn yóò jókòó díẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, títí kan ohun tó kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀. Ìjàǹbá tó yẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí kò gba owó lọ́wọ́ ẹni, àmọ́ tí wọ́n bá ń fi ẹni tó sọ ọ́ ṣẹ̀sín, ẹ̀ẹ̀kejì kò ní sọ.

Ìdáhùn sí àwọn tó ń jiyàn

Àríyànjiyàn tó wọ́pọ̀ jù ni pé kò sí owó. Òótọ́ ni pé nǹkan le fún ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìròyìn, ẹ̀wù tí ọta kì í wọ̀ kì í sì í ṣe ọjà kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ohun tí a ti kà sílẹ̀. Àgádágodo kan kò pọ̀. Ìpè ní wákàtí wákàtí, ìwé ìpín iṣẹ́ tó fi oorun sí i, àti fídíò tí wọ́n pín láàárín ènìyàn mẹ́ta kò gba owó tuntun. Àwọn ohun olówó ńlá ló wà nísàlẹ̀ ìlànà náà. Ìpinnu ló pọ̀ jù lókè rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe bí ẹni pé owó ni òun kò ní, ìpinnu ni kò tíì ṣe.

Àwọn kan yóò ní ìròyìn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Lóòótọ́, a kì í mọ ọjọ́ tí ilé yóò wó. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń pa oorun akọ̀ròyìn ni ohun tí a ti mọ ọjọ́ rẹ̀ tipẹ́: ìdìbò, ìbúra, ìpàdé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ìdíje bọ́ọ̀lù. Ìdìbò ni Miwa Sado ń kó ìròyìn rẹ̀, kálẹ́ńdà sì ti ní ọjọ́ rẹ̀ nínú. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí ìròyìn bá ń sáré, ó yẹ kí ẹnì kan wà tó ń ṣírò wákàtí.

Ẹlòmíràn yóò pa òwe pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Kò sí ẹni tó lè sọ pé Imodibie àti Awotusin kò láyà, síbẹ̀ àyà kì í dá ọta dúró. Ìgboyà ní àyè tirẹ̀, ìyẹn nínú ewu tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ètò ti mú èyí tó ṣeé mú kúrò. Mo gbà pé irú ewu bẹ́ẹ̀ wà. Ètò iléeṣẹ́ kò lè dí ẹni tó fẹ́ fi àdó olóró ránṣẹ́ lọ́wọ́, kò sì lè dá ọ̀pọ̀ jàǹdùkú dúró ní ẹnu géètì. Àmọ́ ètò ló ń pinnu bóyá ilẹ̀kùn kejì wà, bóyá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nítòsí, àti bóyá ẹnì kan mọ iye àwọn tó wà nínú ilé ní alẹ́ yẹn. Bákan náà ni fún ẹni tó fi ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́: kò sí àdúrà tó ní ká má gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé.

Àṣìrò tó kẹ́yìn ni ti àwọn tó rò pé àlàáfíà òṣìṣẹ́ ni àpèjẹ òpin ọdún, ẹ̀bùn ìrẹsì àti ọjọ́ eré ìdárayá. Ohun tó dára ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò kan ibi tí àárẹ̀ ti wá. Ọ̀dọ́bìnrin tí olóòtú ń yọ lẹ́nu kò nílò àpèjẹ. Ó nílò ẹni tó lè fẹjọ́ sùn tí kì í ṣe olóòtú náà, àti ìdánilójú pé ètò rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́ kò ní bọ́ nítorí pé ó sọ̀rọ̀. Ohun tí àdéhùn 190 wà fún nìyẹn.

Bí a ṣe lè mọ iléeṣẹ́ tó fọwọ́ gidi mú un

Ìbéèrè mẹ́ta tó fún òṣìṣẹ́, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó ń wá ibi tí yóò lọ. Àkọ́kọ́: ǹjẹ́ ìwé wà tí wọ́n ń kọ gbogbo ìjàǹbá sí, títí kan èyí tó yẹ̀? Ìkejì: ta ni ẹni tó kọ iṣẹ́ eléwu kẹ́yìn, kí ló sì ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn náà? Ìkẹta: lẹ́yìn ìjàǹbá tó kẹ́yìn, kí ni wọ́n yí padà nínú ètò, yàtọ̀ sí ìkìlọ̀ pé kí oníkálukú ṣọ́ra? Ibi tí wọ́n bá ti rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ààbò wà níbẹ̀, kódà bí kò bá sí pátákó kankan lára ògiri. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí à ń gbọ́ rédíò pẹ̀lú. Olóòtú tí kò tíì sùn láti àná ni yóò jẹ́ kí orúkọ aláìṣẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí ọ̀daràn. Akọ̀ròyìn tó wọ ọkọ̀ olóṣèlú ni yóò gbé ọ̀rọ̀ olóṣèlú bọ̀. Iye tí ààbò ń náni kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Bí iléeṣẹ́ kò bá san án nínú ètò rẹ̀, òṣìṣẹ́ yóò fi ara san án, ará ìlú yóò sì san tiwọn nínú ìròyìn tí kò péye.